Ta Ló Yẹ Kó Wà Nínú Fódà Àwọn Abàmì Ẹ̀dá?

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ní gúúsù ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ọkùnrin kan tó ti lé ní ogójì ọdún jókòó ti kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, ó ń to àwọn abàmì ẹ̀dá. Kì í ṣe iṣẹ́ owó ló ń ṣe. Ní aago méje alẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì àti ọmọ mẹ́ta tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí yóò kóra jọ láti bá eré wọn lọ, àwọn kan nínú yàrá, àwọn kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òun ni olùdarí eré náà. Bí àwọn ọmọ bá wọ igbó tí òun kò retí, tàbí tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn tí kò yẹ kí wọ́n ṣí, òun ló gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà níbẹ̀, kí ó sì rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kíákíá kí ọwọ́ ìtàn má baà tutù. Ìyá rẹ̀, tó ti Ìjẹ̀bú wá wo àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, jókòó sórí àga lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà láìsọ̀rọ̀.

Fún ẹni tí kò bá tíì rí irú eré yìí rí, kò jìnnà sí àlọ́. Kò sí pátákó bíi ti lúdò, kò sì sí ẹni tó ń borí ẹnìkejì rẹ̀. Ẹnì kan ń pa ìtàn, àwọn yòókù sì ń gbé ìwà àwọn ènìyàn inú ìtàn náà wọ̀: ọ̀kan jẹ́ jagunjagun, èkejì jẹ́ oníṣègùn, ẹ̀kẹta jẹ́ olè tó ń yọ́ rìn. Bí ìtàn bá dé ibi tí kò sẹ́ni tó mọ bí yóò ti rí, wọ́n á da dáìsì olójú ogún, nọ́ńbà tó bá yọ ni yóò sì pinnu. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín eré náà àti àlọ́ ni pé àwọn tó ń gbọ́ ìtàn ni wọ́n ń sọ ọ̀nà tí Ìjàpá yóò gbà. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé èyí tó kọ́kọ́ lókìkí nínú irú eré bẹ́ẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Dungeons & Dragons ni wọ́n pè é, orúkọ náà ni a sì ń pè é títí di òní.

Bí eré náà ti ń dàgbà ni àwọn abàmì ẹ̀dá inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí títò wọn sì ń di wàhálà. Ní ọdún 1977, Gygax kó ohun tó lé ní 350 wọn jọ sínú ìwé kan ṣoṣo, Monster Manual, ó sì tò wọ́n bí a ti ń to ọ̀rọ̀ sínú ìwé atúmọ̀ èdè. Irú títò bẹ́ẹ̀ dára fún ẹni tó bá ti mọ orúkọ ohun tó ń wá. Kò wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ń wá ohun tó lè máa gbé inú àbàtà, tí agbára rẹ̀ kò sì ní pa ọmọdé mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré.

Ní ọdún 1989, ilé iṣẹ́ TSR, tó ń tẹ eré náà jáde nígbà náà, dán nǹkan mìíràn wò. Wọ́n tẹ àwọn abàmì ẹ̀dá sórí abala ìwé tí a kò dì pọ̀, wọ́n sì ṣe fáìlì onírin tí olùdarí eré lè máa kó wọn sí. Èrò náà mọ́gbọ́n wá. Ẹni tó bá ra àfikún lè ki abala tuntun bọ àárín ti àtijọ́, ó sì lè yọ kìkì abala tó nílò fún eré alẹ́ ọjọ́ kan. Àmọ́ ojú méjèèjì abala ni wọ́n tẹ̀. Bí ẹ̀dá kan bá wà níwájú, òmíràn lè wà lẹ́yìn, nígbà tí ẹ̀dá tuntun bá sì dé tí orúkọ rẹ̀ bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì, kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi í sí àyè rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ihò tí irin ń gbà kọjá máa ń ya. Nígbà tó di ọdún 1993, wọ́n padà sí ìwé tí a dì pọ̀.

Ìwé tí a dì pọ̀ náà ní ìjà tirẹ̀. Nínú Monster Manual ti ọdún 2014, ẹni tó ń wá ẹ̀dá kan tí wọ́n ń pè ní Balor gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé ara àwọn Demon ni, kí ó lọ sí abẹ́ D, kí ó tó rí i. Nínú èyí tó jáde ní ọdún 2025, tí ẹ̀dá inú rẹ̀ lé ní 500, wọ́n tú ìdílé ká: Balor wà lábẹ́ B, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti rí. Ẹni tó mọ orúkọ yọ̀. Ẹni tó fẹ́ rí àwọn ọmọ ìyá kan náà pa pọ̀ ní láti lọ wo àtòkọ tó wà lẹ́yìn ìwé. Ohun tí ìwé kò lè ṣe láéláé ni kí ó fi abala kan náà sí ibi méjì.

Kọ̀ǹpútà lè ṣe é. Láti ìgbà tí irú ètò bíi Roll20 ti dé ní ọdún 2012, tí Foundry VTT sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2020, ọ̀pọ̀ olùdarí eré ti gbé àwọn abàmì ẹ̀dá wọn kúrò nínú ìwé. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Wizards of the Coast, tí eré náà wà lọ́wọ́ wọn báyìí, fi ìpìlẹ̀ òfin eré náà, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀dá inú rẹ̀, sílẹ̀ lábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons, kí ẹnikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkùnrin Lọ́ńdọ̀nù yìí nìyẹn: ọgọ́rọ̀ọ̀rún àkọsílẹ̀ tó kó wọlé ní ìṣẹ́jú kan, tó sì ti ń fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tò.

Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹ̀dá náà, bí ó ti tóbi tó, bí ó ti ṣòro tó láti ṣe é léṣe, iye ọgbẹ́ tó lè gbà kí ó tó kú, bí ó ṣe ń rìn àti ohun tó fi ń jà. Ó ní ìwọ̀n ìnira, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 30, tó sì ní 1/8, 1/4 àti 1/2 láàárín 0 àti 1. Ó tún ní irú tí ẹ̀dá náà jẹ́. Irú 14 ni òfin eré náà mọ̀, lára wọn ni ẹranko, drágónì, òmìrán, iwin, ẹ̀mí búburú, òkú tó ń rìn àti ènìyàn. Ẹ̀dá kan kò lè wà láìní irú. Kọ̀ǹpútà kò ní gbà á.

Bí ọkùnrin náà ti ń tò ó ló ń rí i pé ohun tó rọrùn lójú kò rọrùn lọ́wọ́. Ó kọ́kọ́ fi fódà pín wọn gẹ́gẹ́ bí irú wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ odò, ó ṣí fódà márùn-ún kó tó rí ohun tó ń gbé inú omi. Ó tún wọn pín gẹ́gẹ́ bí ibùgbé, ó wá rí i pé ẹ̀dá kan lè gbé inú igbó kí ó sì tún gbé orí òkè. Ó dà á kọ sí fódà méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún ọ̀kan ṣe, ó gbàgbé èkejì, ẹ̀dá kan náà sì wá ní agbára méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Níkẹyìn ló fi gba ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà máa ń sọ: ẹ̀dá kan, àkọsílẹ̀ kan. Fódà díẹ̀ ni kí ènìyàn ní. Àmì ìdámọ̀ ni kí ó pọ̀. Ẹ̀dá tó ń gbé igbó àti òkè yóò ní àmì méjèèjì lára, ibi tí ènìyàn bá ti wá a ni yóò ti rí i.

Nọ́ńbà náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ka ìwọ̀n ìnira sí ọ̀rọ̀ lásán, yóò to 10 ṣáájú 2, yóò sì fi 1/2 ṣáájú 1/8, bẹ́ẹ̀ 1/8 ló kéré jù. Olùdarí eré tó bá ń kánjú lè tipa bẹ́ẹ̀ rán ohun tó ju agbára àwọn ọmọ lọ sí wọn. Ọkùnrin náà wá ń kọ 02 dípò 2, kí 10 lè mọ àyè rẹ̀.

Èyí tó dùn ún jù ni ti létà. Ó ti ń fi àwọn ẹ̀dá inú ìtàn ilé kún àtòkọ náà: iwin, àǹjọ̀nú, egbére, ẹbọra. Nínú ABD tí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́, Ẹ ń tẹ̀ lé E, Z kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò tó ń lò kò mọ ABD. Ohun tó mọ̀ ni nọ́ńbà tí wọ́n fún létà kọ̀ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà Ẹ sì ga ju ti Z lọ fíìfíì. Nítorí náà, Ẹbọra wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn Zombie. Àmì ohùn náà tún ní tirẹ̀: a lè tẹ é gẹ́gẹ́ bí létà kan, a sì lè tẹ e kí a tó gbé àmì lé e lórí. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà tí wọn kò kọ́, ohun méjì ni. Egbére tó fi fóònù kọ kò jáde nígbà tó fi kọ̀ǹpútà wá a. Kì í ṣe pé kò sí ìtọ́sọ́nà: àwọn tó ń ṣètò bí kọ̀ǹpútà ṣe ń lo èdè àgbáyé ti kọ bí a ṣe ń to ABD Yorùbá sílẹ̀. Ẹni tó kọ ètò náà ni kò bèèrè.

Nígbà tó wá egbére náà rí, tó ṣí i, ni ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sán.

"Kí lo kọ síbẹ̀ yẹn?"

"Egbére ni, Màámi. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ pàdé rẹ̀ lálẹ́ yìí."

"Kí wá ni 27 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

"Iye ọgbẹ́ tó lè gbà kó tó kú ni, mà."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń bá egbére jà? Ẹkún ló ń sun, tòun ti ẹní lábẹ́ apá. Ẹni tó bá láyà á já ẹní gbà lọ́wọ́ rẹ̀, á sì dolówó bó bá lè fara da ẹkún rẹ̀. Ẹni tí kò bá láyà á sá. Èwo ni ti ọgbẹ́?"

Ọkùnrin náà wo àkọsílẹ̀ náà títí. Òótọ́ ni. Nínú gbogbo àyè tí ètò náà ní kí ó dí, kò sí èyí tó béèrè ohun tí ẹ̀dá náà ń fẹ́, tàbí ìdí tó fi ń sunkún. Ogun ni wọ́n ti gbà pé yóò ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó la ìlà sí ìwé náà. Ó pa 27 rẹ́, kọ̀ǹpútà sì dá 0 padà síbẹ̀. Ẹ̀dá tí kò ní iye ọgbẹ́, òkú ló jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, bí kò bá ti yí àtòkọ náà lọ sókè láti fi ìyókù han ìyá rẹ̀. Ohun tó wà lókè pátápátá, nítorí pé A ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀, tí kò sì fi àmì ohùn sí i nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́, ni Àbíkú. Irú rẹ̀: òkú tó ń rìn. Ìwọ̀n ìnira rẹ̀: 03. Ìwà rẹ̀: ibi. Ọkùnrin náà ti kọ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ kan tí oorun ń kùn ún, ó sì ti lọ sí orí èyí tó kàn.

Ìyá náà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un fi sójú, ó kà á lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ọmọ mẹ́ta ni mo bí kí n tó bí ọ," ló wí. "Bí wọ́n ṣe ń pe àwọn ọmọ mi nìyẹn. Àwọn ẹbí bàbá rẹ fẹ́ kí wọ́n sàmì sí ẹ̀kẹta lára kí wọ́n tó sin ín. Mo ní rárá. Nígbà tí o dé, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ẹ̀bẹ̀ ni. Ṣé ìwọ náà wà nínú ibẹ̀ ni?"

Kò sí ariwo nínú ohùn rẹ̀. Ó béèrè bí ẹni tó ń béèrè ibi tí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ sí.

Àwọn Yorùbá mọ irú orúkọ tó ń sọ: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrósinmi. Ọkùnrin náà ti ń jẹ́ ọ̀kan lára irú orúkọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, ó fi gba ìwé àṣẹ ìrìnnà, ó fi forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwé gíga. Ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ bí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n. Ó tún mọ ohun tí àwọn dókítà ń sọ lóde òní, pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n ń pè ní àbíkú nígbà náà, àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ló mú wọn lọ. Síbẹ̀ kò so ohun méjèèjì pọ̀ nígbà tó ń tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú kọ̀ǹpútà. Ètò náà béèrè irú, ó sì fún un ní irú. Àyè tó ṣófo máa ń mú kí ènìyàn yára dí i.

Irú àṣìṣe yìí kò bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Nínú Monster Manual ti ọdún 1977 náà, ènìyàn wà láàárín àwọn abàmì ẹ̀dá. Lábẹ́ àkọlé kan ni wọ́n kó wọn sí: olè, ajalèlókun, ọlọ́jà, darandaran inú aṣálẹ̀, àwọn tó ń rin ìrìn àjò ẹ̀sìn, àti àwọn tí wọ́n pè ní ará ẹ̀yà inú igbó. Èrò wọn nígbà náà lè jẹ́ pé olùdarí eré yóò bá gbogbo wọn pàdé lójú ọ̀nà, nítorí náà kí wọ́n wà nínú ìwé kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí ìwé náà, tó rí irú ènìyàn tí wọ́n kó síbẹ̀, kò ní ṣàì béèrè ẹni tó ń to ìwé àti ẹni tí wọ́n ń tò. Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, àwọn tó ni eré náà jáde sọ fúnra wọn pé bí àwọn ti ń ṣàpèjúwe àwọn ìran kan nínú eré náà, bí orc àti drow, pé ibi ni gbogbo wọn, jọ bí wọ́n ti ń bu àwọn ẹ̀yà ènìyàn kan kù láyé gidi. Nígbà tí Monster Manual ti ọdún 2025 jáde, orc kò ní àkọsílẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Inú ìwé àwọn òṣèré ni ó wà báyìí, láàárín àwọn tí ènìyàn lè yàn láti jẹ́.

Àwa náà ti rí irú rẹ̀ ní èdè tiwa, kí kọ̀ǹpútà tó dé. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún 19, wọ́n ní láti wá orúkọ Yorùbá fún ọ̀tá Ọlọ́run. Àyè ṣófo, wọ́n sì fi Èṣù dí i. Láti ọjọ́ náà, òrìṣà tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, tó ń ṣọ́ oríta, wọ inú fódà tí kì í ṣe tirẹ̀, kò sì tíì jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kò mọ̀ pé ó ti wà níbòmíràn rí. Nígbà tí Wọlé Ṣóyínká wá ń túmọ̀ ìwé Fágúnwà ti ọdún 1938 nípa igbó irúnmọlẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó jáde ní ọdún 1968, daemon ló kọ, kò kọ demon. Létà kan péré ló fi kún un, ṣùgbọ́n létà náà ni kò jẹ́ kí irúnmọlẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀mí èṣù. Ẹni tó ń fi nǹkan sí àyè rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró kí ó ronú.

Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú nígbà tí ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí tún àtòkọ rẹ̀ ṣe. Kò pa Àbíkú rẹ́. Ó yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn abàmì ẹ̀dá, ó gbé e lọ sí fódà tí àwọn ọmọ ìlú inú ìtàn náà wà, ó sì kọ orúkọ ọmọ sí i dípò ìnagijẹ. Níbi tí irú wà, ó kọ ènìyàn. Ó pa ìwọ̀n ìnira rẹ̀ rẹ́. Nínú àyè àlàyé, tí kò ṣàkọsílẹ̀ ohunkóhun sí tẹ́lẹ̀, ó kọ pé ọmọ náà ń ṣàìsàn, pé ìyá rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò bá a rí oníṣègùn tó wà lẹ́yìn odò. Lẹ́yìn náà ló ṣe àmì ìdámọ̀ tuntun mẹ́ta, tó sì ń fi wọ́n sára ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan: èyí tí a ń bá jà, èyí tí a ń bá sọ̀rọ̀, èyí tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Nígbà tó kan Egúngún, kò dá a ṣe. Ó yíjú padà.

"Màámi, ibo ni kí n fi Egúngún sí? Nínú ìlànà tiwọn, ẹni tó bá ti kú tó tún padà wá, abẹ́ òkú tó ń rìn ló wà."

"Òkú kọ́. Ará ọ̀run ni," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Bàbá ẹni tó wá kí ọmọ rẹ̀. Bí kò bá sí ibi tí o lè fi wọ́n sí, fi wọ́n sílẹ̀ níta. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà."

Egúngún kò wọlé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọmọ márààrún bá egbére pàdé ní etí odò. Àbíkẹ́yìn wọn, tó ń ṣe jagunjagun, béèrè bóyá kí òun yọ idà. Kí bàbá rẹ̀ tó dáhùn, ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí sun ẹkún egbére, ẹkún tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀, irú èyí tí wọ́n fi máa ń dẹ́rù ba àwọn ọmọdé ní Ìjẹ̀bú. Gbogbo wọn dákẹ́, títí kan àwọn tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tí wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀. Wọn kò da dáìsì kankan. Nígbà tó yá, ọmọdébìnrin kan ní kí egbére di ẹní rẹ̀ mú, òun kò fẹ́ owó, ọ̀nà tí àwọn yóò gbà mú ọmọ tó ń ṣàìsàn dé ìhà kejì odò ni kí ó fi han àwọn.

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ sùn, ọkùnrin náà tún ṣí kọ̀ǹpútà láti kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Àtòkọ náà dára ju ti àárọ̀ lọ. Orí rẹ̀ ti yí padà, nítorí Àbíkú kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣì wà bó ṣe wà, Ẹbọra lẹ́yìn Zombie. Ó lè yọ àmì abẹ́ létà náà kúrò, kí ó kọ ọ́ bí òyìnbó ṣe ń kọ ọ́, yóò sì bọ́ sáàárín lójú ẹsẹ̀. Ó ronú sí i díẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó kọ lẹ́tà sí àwọn tó ni ètò náà, ó ṣàlàyé ABD fún wọn láti A dé Y, ó sì fi Ẹbọra sílẹ̀ níbi tó wà títí wọn yóò fi dáhùn.